Ohùn Tí Mo Gbé Láti Ṣakí Lọ sí Ìsẹ́yìn

Ẹ̀rín rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó mọ ojú rẹ̀, kí n tó mọ ọmọ ẹni tó ń ṣe. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí mo fi ń ṣe sítúdíò ní Ṣakí, fóònù wà létí mi, mo ti kí i tán, kò dáhùn. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ bí omi tó ń hó nínú ìkòkò tí wọ́n dé, ó wá ṣí, ó tú jáde, títí èmi náà fi ń rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló wí nígbà tó rí èémí mí. "Fáìlì tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé o. Mo ṣí i. Mo rí orúkọ gbogbo ohùn: Àlájà, elégbè ọ̀tún, elégbè òsì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àtẹ́wọ́. Gbogbo wọn tò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo wá tẹ̀ ẹ́ pé kó kọrin, gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n, àwo lẹ fi ránṣẹ́ sí mi o, ọbẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ yín."

Òótọ́ ló sọ. Mo ti kó orúkọ ránṣẹ́, mo fi ohùn sílẹ̀ nílé. Ohun tí mo dà sórí fláàṣì tí mo fi rán awakọ̀ Ìsẹ́yìn ni fáìlì kékeré tó ń sọ bí a ṣe to orin náà. Àwọn ohùn fúnra wọn wà níbòmíràn lórí kọ̀ǹpútà mi, n kò rántí fi wọ́n kún un. Ó yẹ kí ojú tì mí. Ojú kò tì mí rárá. Ohun tí mo ń rò lọ́kàn mi ni pé, kí ni mo tún lè bàjẹ́ kí obìnrin yìí tún rẹ́rìn-ín?

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló fa gbogbo rẹ̀. Àlájà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, òun ló sì ń ṣe olórí àwọn ìyá tó ń ṣe àsálátù ní mọ́sálááṣí wa ní àárọ̀ Àìkú. Ohùn rẹ̀ mọ́, ó le, ó sì máa ń gbọ̀n díẹ̀ nísàlẹ̀ bí ó bá kan ibi tí orin bá ti dùn mọ́ ọn. Orí ara rẹ̀ ló ti ń gbé orin jáde. Lọ́jọ́ kan ó gbọ́ tí àwọn ìyá kan láti àdúgbò kejì ń kọ ọ̀kan nínú orin rẹ̀, wọ́n sì ti kọ ọ́ wọ́ pátápátá. Inú bí i wọ sítúdíò mi.

"Gba ohùn mi sílẹ̀," ó ní. "N kò fẹ́ kí wọ́n máa fi orin mi ṣe ẹ̀fẹ̀ lójú mi báyìí, áńbọ̀sì bí mo bá ti lọ."

Yàrá tí bàbá mi ń kó èlùbọ́ sí tẹ́lẹ̀ ni sítúdíò mi. Mo fi fóòmù àti ẹní àtijọ́ bo ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ooru bá mú, òórùn èlùbọ́ a tún jáde. Ìyá tó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún Àlájà sín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nítorí pé maikirofóònù gidi kan ṣoṣo ni mo ní, a kò lè gba gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àlájà kọ tirẹ̀, àwọn elégbè tẹ̀ lé e, ẹni tó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tẹ̀ lé wọn, olúkúlùkù fi ohùn ẹni tó ṣáájú rẹ̀ sétí bó ti ń kọ tirẹ̀. Ohùn kọ̀ọ̀kan wá wà lórí ìlà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà.

Mo mọ ohùn gbà. Ibi tí mo ti máa ń kùnà ni míìsì, ìyẹn ni kí èèyàn po gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ọ̀kan má bo èkejì mọ́lẹ̀. Mo po ti Àlájà, mo fi gbohùngbohùn kún un kó lè dùn, mo gbé e sétí rẹ̀, ó gbọ́ ọ dópin. Ó ní, "Ó dára, ọmọ mi. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n ta ló jù mí sínú kànga?"

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ná ọjà Ijio ló sọ fún mi pé obìnrin kan wà ní Ìsẹ́yìn tó mọ iṣẹ́ míìsì bí ẹni mowó. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ètò tí èmi fi ń gba orin lórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe irú èyí tí òun ń lò. Wọ́n dà bí àlejò méjì tí kò gbọ́ èdè ara wọn. Bí tèmi bá fi iṣẹ́ pamọ́, tirẹ̀ kò lè ṣí i bí kò bá dá ọgbọ́n sí i, bó bá sì ṣí i tán, nǹkan kan á ti bọ́ sọnù lójú ọ̀nà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kò sì lágbára tó láti gbé ẹrù tó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi fláàṣì rán awakọ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀rín àkọ́kọ́ yẹn, mo yọ ohùn kọ̀ọ̀kan jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní irú fáìlì tí gbogbo ètò lè kà. Mo wo inú fláàṣì lẹ́ẹ̀kan, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọbẹ̀ ti wà nínú àwo báyìí. Mo fi rán awakọ̀, mo ń súfèé lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, èsì dé sórí fóònù mi. Ó bọ́ sákòókò tí Àlájà àti àwọn ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, wọ́n wá béèrè ibi tí iṣẹ́ dé. Mo ní kí wọ́n gbọ́, ọ̀gá Ìsẹ́yìn ti fi ránṣẹ́. Mo gbé e sókè.

Nínú orin náà, Àlájà á béèrè pé, "Ta ló jí wa lówùúrọ̀?" Elégbè á dáhùn pé, "Ọlọ́run Ọba ni!" Ohun tó jáde lórí fóònù ni pé Àlájà ṣì ń wúkọ́, ó ń sọ pé "Bísímílà," elégbè ti bú jáde: "Ọlọ́run Ọba ni!" Ẹnikẹ́ni ò tíì bi wọ́n ní nǹkan kan. Nígbà tí Àlájà wá béèrè, àtẹ́wọ́ ti sáré kọjá lọ, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì ń ṣe tirẹ̀ lápá kan bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé.

Àwọn ìyá wo ojú ara wọn. Ìyá oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó di ògiri mú, fóòmù ògiri náà ṣí bá a lọ́wọ́, ó jókòó sórí rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀. Àlájà gbìyànjú láti le ojú, kò ṣeé ṣe.

"Wọ́n ti mọ ìdáhùn kí n tó béèrè!" ó kígbe. "Àwọn wòlíì ni mo ń kó kiri láìmọ̀!"

Ẹ̀ẹ̀kan sí i ni wọ́n ní kí n tún un gbé, ẹ̀ẹ̀kan sí i ló sì di ìrọ̀lẹ́. Mo pe obìnrin náà. Àwọn ìyá ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, òun náà ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún. Ó ní ibi tí olúkúlùkù ti ya ẹnu ni mo ti gé ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí náà nígbà tí òun gbé gbogbo wọn kalẹ̀, orí ìlà kan náà ni gbogbo wọn dúró lé, wọ́n gbéra lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ ilé-ìwé nígbà tí aago bá lù.

"Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n tún un tò kí n tó fi ránṣẹ́," ó ní, "ṣùgbọ́n mi ò lè dá a gbọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn dá irú rẹ̀ gbọ́."

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé sùn.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn yẹn tò, ṣùgbọ́n ó falẹ̀. Nọ́ńbà kan wà tí èèyàn máa ń yàn kó tó gba ohùn, èyí tó ń sọ bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa gé ohùn sí wẹ́wẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tèmi yàtọ̀ sí tirẹ̀, ètò tirẹ̀ kò sì yí i padà. Ohùn Àlájà wá sọ̀kalẹ̀, ó ń wọ́, ó dà bí bàbá kan tí ọ̀fìnkìn mú tó sì ń tòògbé. Nígbà tí Àlájà gbọ́ ọ, ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ta ni ọkùnrin yìí? Ó mọ orin mi o."

Àtúnṣe kékeré kan ni tí mo lè ṣe nílé kí n sì tún fi rán awakọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sì sọ fún Àlájà pé èmi fúnra mi ni yóò gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Ìsẹ́yìn.

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Mo ti fá irun. Mo ti wọ bùbá tuntun.

"Ṣé kọ̀ǹpútà náà ló ní kí o fá irun?"

"Àlájà, iṣẹ́ ni mo ń lọ ṣe."

"Mo gbọ́," ó ní. "Kí Ọlọ́run fún un ṣe. Iṣẹ́ náà, mo ń sọ."

Ọyẹ́ ti wọlé nígbà náà. Eruku pupa bo igi èmí lójú ọ̀nà, èéfín sì wà lórí gbogbo oko tí wọ́n ti sun. Mo fi ìborùn ìyá mi wé kọ̀ǹpútà, mo gbé e sí itan, bí ọkọ̀ bá sì ti bọ́ sí kòtò, mo á gbé e sókè bí ọmọ tuntun. Ìyá kan tó jókòó tì mí láti Ọ̀tu béèrè pé kí ni mo gbé tí mo ń tọ́jú tó báyìí. Mo ní ohùn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ó rọra sún kúrò lọ́dọ̀ mi.

Ilé ahunṣọ ni wọ́n júwe fún mi. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ òfì: kàkà, kàkà, kàkà. Àwọn ọkùnrin jókòó lábẹ́ òrùlé páànù, òwú wọn nà gbọọrọ gba àárín agbo ilé kọjá, pupa, búlúù, òmíràn ń dán bí fàdákà. Mo ní láti tẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kọ̀ǹpútà wà láyà mi. Bàbá àgbàlagbà kan gbé ojú sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ kú ọyẹ́."

"Oo. Ta lò ń wá?"

Kí n tó dáhùn, ó ti wo ohun tí mo gbé dání. Ojú rẹ̀ tàn.

"Àá! Ìwọ ni oní-Ọlọ́run-Ọba-ni!"

Gbogbo òfì dúró. Àwọn ahunṣọ yíjú sí mi, ọ̀kan nínú wọn wúkọ́, ó ní "Bísímílà," àwọn yòókù sì bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ọlọ́run Ọba ni!" Gbogbo ilé ni obìnrin yìí ti gbé orin náà gbọ́. Mo dúró láàárín òwú, mo ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àsìkò yẹn ló jáde.

Mo ti rò pé yóò ga, nítorí ẹ̀rín rẹ̀ ga. Kò ga rárá. Ó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé, ó fi íyáfóònù ńlá kọ́rùn, ó mú ìdajì ọsàn dání.

"Ẹ̀yin rè é?" ó ní. "Mo rò pé ẹ ti dàgbà."

"Èmi náà rò pé ẹ ga."

Bàbá rẹ̀, nítorí bàbá rẹ̀ ni àgbàlagbà yẹn, wò ó, ó wò mí, ó sì padà sídìí òfì rẹ̀.

A jókòó sí yàrá rẹ̀, a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Kọ̀ǹpútà mi wà lápá ọ̀tún tábìlì, tirẹ̀ wà lápá òsì. Ó gbọ́ ohùn Àlájà bó ṣe wà lórí tèmi, ó fa ojú ro.

"Ta ló rọ gbogbo àgbàrá yìí sórí ohùn màmá yìí?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Mo rò pé ó dùn."

Ó gbé orí lé tábìlì. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ó yọ gbogbo ọ̀ṣọ́ tí mo fi sára ohùn náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, Àlájà sì ń jáde láti inú kànga díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dà bí ẹni pé ó jókòó sáàárín wa. Lẹ́yìn náà ló fi ìka tọ́ka sí ojú kọ̀ǹpútà mi.

"Ẹ wò ó. Bí ẹ bá fẹ́ yọ wọ́n jáde, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti orí orin, kí wọ́n sì parí síbì kan náà. Ẹni tí kò bá tíì kàn láti kọrin, kó dákẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó wà níbẹ̀. Bí mo bá ti gbé wọn sọ́dọ̀ mi báyìí, kò sẹ́ni tó máa ṣáájú ẹnìkan."

A yí nọ́ńbà tèmi kó bá tirẹ̀ mu. Mo yọ ohùn kan, ó gbà á, mo yọ òmíràn. Òfì ń ró lóde, a kò lè gbọ́ ohun tó fara sin nínú orin, nítorí náà ó ní kí á ní sùúrù dìgbà tí wọ́n bá lọ kírun Àílá. A ń dúró. Ó fún mi ní ọsàn. Ó béèrè bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo sọ fún un nípa yàrá èlùbọ́ àti ìyá oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó ń sín. Ó ní òun ti gbọ́ ọ, òun rò pé ìlù kan ni! Ó ti tọ́jú ọ̀kan nínú sísín náà sínú orin.

Nígbà tó yá, òfì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà balẹ̀ sórí agbo ilé bí ìgbà tí wọ́n tẹ́ aṣọ. Àwa náà kírun tiwa, a padà, ó tẹ bọ́tìnnì.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló wọlé ṣáájú, ó rọra, ó ń ṣe ṣàà, ṣàà. Àtẹ́wọ́ bọ́ sí i. Àlájà mí, mo gbọ́ èémí rẹ̀, ó sì béèrè ìbéèrè rẹ̀. Elégbè ọ̀tún àti elégbè òsì dá a lóhùn ní àsìkò gan-an, ọ̀kan sí etí mi yìí, ọ̀kan sí ìkejì. Orí mi wú. Mo fò dìde, mo ti ìjókòó ṣubú, mo pariwo nǹkan kan tí n kò mọ̀ títí dòní. Òun náà ti dìde, ó ń pàtẹ́wọ́. Bí a bá ti parí rẹ̀, a á tún bẹ̀rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ló ti mọ́sálááṣí dé, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kẹ́tùlù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ni màmá yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, Bàbá."

Ó gbọ́ ọ títí dópin. "Ìdílé tó ní irú ohùn yìí," ó ní, "ó yẹ kéèyàn mọ̀ wọ́n." Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń gba ohùn gbogbo ènìyàn nìyẹn. Mo gba ohùn àwọn ọmọ ilé kéwú. Mo gba ti àwọn ọ̀dọ́ Òkèhò tí wọ́n ń kọ orin tàkasúfèé. Mo gba ti onígbàjámọ̀ àdúgbò wa tí kò mọ orin kọ rárá, mo bẹ̀ ẹ́ ni. Gbogbo rẹ̀ ló nílò míìsì, gbogbo míìsì ló di ti Ìsẹ́yìn, èmi fúnra mi ni mo sì ń gbé wọn lọ. Àwọn awakọ̀ tí mo ń fi fláàṣì rán tẹ́lẹ̀ ń bi mí pé kí ni àwọn ṣe fún mi.

Lọ́jọ́ tí mo gbé ti onígbàjámọ̀ lọ, ó gbọ́ ọ díẹ̀, ó yọ íyáfóònù, ó sì kọjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ń fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Wàhálà tí ẹ ń ṣe yìí pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ètò tí mo ń lò sórí kọ̀ǹpútà yín. Èdè kan náà la ó máa sọ. Bí ẹ bá parí níbẹ̀, màá kàn ṣí i níbí, a ò ní máa yọ ohùn, ẹ ò sì ní máa jẹ eruku."

"Rárá o."

"Kí ló dé? Ó rọrùn."

"Mo mọ̀ pé ó rọrùn." Mo fa kọ̀ǹpútà mi mọ́ra. "Bí mo bá ń lo irú èyí tí ẹ ń lò, kí ni màá wá máa gbé wá?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ ohun tó yẹ kó pa á lẹ́rìn-ín tí kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo òde níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń hunṣọ. Ó wá sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ṣé nítorí ìyẹn lo ṣe gba ohùn onígbàjámọ̀ yìí sílẹ̀?"

Ó ní "lo ṣe." Kò ní "lẹ ṣe." Láti ọjọ́ tí a ti mọra, "ẹ" la ti ń pe ara wa bí ẹni tó ń ṣọ́ra lórí àpáta tó ń yọ̀. Mo gbọ́ "o" yẹn, ara mi fúyẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú.

"Nítorí rẹ̀ ni," mo ní.

"Ọkùnrin yìí pa mí o," ó ní, ó sì wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó tú gbogbo òfì ká, tí bàbá rẹ̀ fi ké láti òde pé, "Kí ló tún dé? Ṣé elégbè tún ti ṣáájú ni?"

Àlájà ló kó ẹbí mi lẹ́yìn lọ tọrọ rẹ̀. Kò sí ìdúnàádúrà kankan. Bàbá rẹ̀ ní òun ti ń retí màmá olóhùn náà tipẹ́, ó ní kí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kí àwa yòókù wá ibi jókòó sí. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ nípa orin títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ìyàwó la wá tọrọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni wọ́n so yìgì wa, ní àárọ̀, nínú agbo ilé wọn. Lemọ́mù ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àdúà ni, òjò àkọ́kọ́ ọdún náà já bọ́ láìkí ẹnikẹ́ni. Àwọn ènìyàn fọ́n ká. Ìyàwó mi ká aṣọ òkè tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ hun fún un sókè dé orúnkún, ó gbá sípíkà kan mú, mo gbá èkejì mú, a ń sáré, a ń yọ̀, a ń kọlu ara wa. A gbé wọn sábẹ́ òrùlé páànù, a fi ara ti ògiri, a ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Àlájà nìkan ni kò kúrò. Ó ti dá orin kan tí n kò gbọ́ rí, orin òjò, orin tí ó jọ pé ibẹ̀ gan-an ló ti ń gbé e jáde, ó sì ní òun kò ní wọlé àfi tí òun bá parí rẹ̀. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Àwọn ìyá rẹ̀ ń pè é láti abẹ́ òrùlé, kò gbọ́.

Ìyàwó mi dì mí lápá mú. "Ṣé ò ń gba èyí sílẹ̀?"

Mo yẹ ara mi wò. Fóònù mi wà nínú yàrá, kọ̀ǹpútà wà ní Ṣakí. "Rárá," mo ní.

"Kò ní elégbè," ó ní, ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì jù sílẹ̀, ó sì fà mí bọ́ sínú òjò.